Àwẹ̀ró àti Ìko Ẹnu Ọ̀nà Igbó Àjọni

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti ń ṣeré láti ìgbà tí ẹ ti ń rá, tí ẹ wá bá ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà tó ní kí ẹ gba àmì kí ẹ tó wọlé, ṣé ẹ máa gbà á? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ sún mọ́ iná díẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra máa jẹ ẹ́, kó má fi ariwo ẹnu rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, ó kọjá ilé ọba, kò yà. Ó kọjá ilé ọlọ́rọ̀, kò wọlé. Ó lọ dá lórí Àwẹ̀ró ọmọ ọdẹ, àti ìyá rẹ̀, àti Òkété tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà igbó.

Ní ìgbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń sọ èdè kan náà, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Arère. Lẹ́yìn ìlú náà ni igbó ńlá kan wà, Igbó Àjọni lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti ìjòyè, gbogbo ìlú ló jọ ni ín. Àwọn ọdẹ ń lọ ṣọdẹ níbẹ̀. Àwọn tí kì í ṣe ọdẹ náà ń lọ gbatẹ́gùn níbẹ̀. Wọ́n á wẹ̀ nínú odò, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á wo ẹyẹ, wọ́n á jẹ ẹ̀kọ, wọ́n á padà sílé.

Àárín igbó yìí ni adágún omi kan wà. Ọ̀pẹ yí i ká, orí àwọn ọ̀pẹ náà sì ni àwọn ẹ̀gà ń kọ́lé sí. Ẹ mọ ẹ̀gà, ẹyẹ tí kì í dákẹ́. Bí igba bá wà lórí ọ̀pẹ kan, igba ló ń sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan tó ń gbọ́ ti èkejì. Wọ̀yọ̀wọ̀yọ̀! Wọ̀yọ̀wọ̀yọ̀! Etí adágún yìí ni ìyá Àwẹ̀ró ti ṣeré nígbà ọmọge rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti pàdé ọdẹ tó fẹ́ ẹ.

Ọdẹ ti kú. Ìyá ti darúgbó. Ojú rẹ̀ ti fọ́, etí nìkan ló kù tó fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ní ọjọ́ kan ó pe ọmọ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró."

"Ẹ̀ẹ́ẹ̀n, Ìyá mi."

"Mo fẹ́ gbọ́ ariwo àwọn ẹ̀gà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ bá baba rẹ."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ìyá mi, mo ṣèlérí fún yín. Kí ọyẹ́ tó dé, màá gbé yín débẹ̀."

Ó ní kí ọyẹ́ tó dé, nítorí pé bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, àwọn ẹ̀gà á tú ká, ó di ọdún mìíràn. Ìyá náà kò sì jọ ẹni tí ó máa rí ọdún mìíràn.

Ìlérí ò ṣòro í ṣe o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnu ni. Lónìí, Àwẹ̀ró ní òun fẹ́ ka ilá. Lọ́la, ó ní òun fẹ́ rẹ ẹ̀gẹ́. Lọ́túnla, ó ní ó rẹ òun. Bẹ́ẹ̀ ni òjò dá, bẹ́ẹ̀ ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ dànù. Ìgbà tó ku bí ọjọ́ mẹ́rin kí ọyẹ́ dé, Àwẹ̀ró ta gìrì, ó pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó kọrí sí igbó.

Ìgbà tó débẹ̀, kí ló rí? Wọ́n ti ri òpó méjì mọ́lẹ̀, wọ́n ta màrìwò sí i lórí. Òkété jókòó lórí kùkùté igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdì ìko, okùn tí wọ́n ya lára ewé ọ̀pẹ, wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bọ̀ǹbọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," Òkété sọ̀rọ̀, kò la ẹnu tán. "Ọdẹ ni yín ni, àbí agbatẹ́gùn?"

"Ṣé o rí ọfà lọ́wọ́ mi ni?"

"Agbatẹ́gùn nìyẹn. Ẹ máa gba ìko kan."

"Ìko kí ni?"

"Ìko ọrùn ọwọ́ ni. Ìgbìmọ̀ ìlú àti ìgbìmọ̀ ẹranko ló jọ fẹnu kò. Ẹni tí kò bá ṣọdẹ, kó tó wọ Igbó Àjọni, á ro ojú ọ̀nà láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. Bó bá ro ó tán, màá so ìko mọ́ ọn lọ́wọ́. Á máa wọlé, á máa jáde títí ọdún á fi yípo. Kó ṣáà sọ ibi tó ń lọ fún mi, kó sọ ìgbà tó máa padà."

Àwẹ̀ró wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Àwọn ọdẹ ńkọ́? Àwọn náà ń ro ọ̀nà?"

"Àwọn ọdẹ ń fi itan ẹran kan sílẹ̀ tí wọ́n bá ń jáde. Láti ayébáyé ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ Àwẹ̀ró lọ́rùn. Ó rò ó pé: igbó tí baba mi ti ṣọdẹ dàgbà, lónìí ni wọ́n ń fi Òkété ṣọ́ ọ? Kí ló fẹ́ fi ibi tí mò ń lọ ṣe? Ẹni tó bá mọ ìgbà tí màá padà, ṣé kò ti mọ ìgbà tí ilé mi ṣófo? Kí ló tiẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò fi là á? Ó fura, ó fura, kò bèèrè ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó kàn fi orin dá Òkété lóhùn ni. Ẹ bá mi gbè é:

*Òkété, yà fún mi n kọjá o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀
*Igbó àjọni kì í ṣe igbó rẹ o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀
*Ìyá mi ń retí ohùn ẹyẹ o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀
*Kí ló kún ọ lẹ́nu tí o ò gbé mì o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀

Òkété jẹnu wọ́rọ́wọ́rọ́. "Orin yín dùn," ó ní. "Àdá wà níbẹ̀ yẹn tí ẹ bá fẹ́ ro ọ̀nà."

Àwẹ̀ró pòṣé ṣàà, ó yí padà. Ìyá rẹ̀ ń bèèrè lẹ́yìn, "A ti débẹ̀?" Àwẹ̀ró ní, "Wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe ni, Ìyá. Ó di ọ̀la."

Lójú ọ̀nà ilé, wọ́n bá Àparò níbi tó ti ń ṣa ọkà. Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́ pé ojú olè ni àparò fi ń wo ẹni tó loko. Ẹni tí Àwẹ̀ró rí fọ̀rọ̀ lọ̀ nìyẹn.

"Ìko?" Àparò na ọrùn rẹ̀ gbọọrọ. "Wọ́n fẹ́ so yín mọ́lẹ̀ ni! Lónìí, ìko ọwọ́. Lọ́la, okùn ọrùn. Pánsá ò fura, pánsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Àwẹ̀ró, má fún wọn lọ́wọ́ rẹ o."

"Ohun tí mo rò náà nìyẹn."

"O ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété? Orúkọ àwọn ènìyàn ló kó sẹ́nu!"

"Àparò, èèyàn ń kó orúkọ sẹ́nu?"

"Ìwọ lo rí i, èmi kọ́. Gba ọ̀nà ìrà tó wà lápá òsì. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ibẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró pọn ìyá rẹ̀, ó gba ọ̀nà ìrà. Ẹsẹ̀ kìíní, pọ̀tọ̀! Ẹsẹ̀ kejì, pọ̀tọ̀! Ẹsẹ̀ kẹta, ẹrẹ̀ mu ún dé orúnkún, fọ̀ọ́ọ́! Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún, tòsì wọlé. Ó fa tòsì, tọ̀tún wọlé.

"Àwẹ̀ró," ìyá rẹ̀ ní, "nígbà tiwa, ọ̀nà adágún kò ní ẹrẹ̀."

"Òjò ló rọ̀, Ìyá."

"Òjò wo? Ètè mi ti ń là fún ọ̀gbẹlẹ̀."

Àwẹ̀ró tún fa ẹsẹ̀. Ó kọrin sókè, bóyá ẹrẹ̀ á gbọ́:

*Ẹrẹ̀, tú mi sílẹ̀ n kọjá o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀
*Ìyá mi ń retí ohùn ẹyẹ o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀
*Ẹ̀yìn mi ló wà, má jẹ́ kó jábọ́ o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀

Ẹrẹ̀ kì í gbọ́ orin. Ìdí ìtàkùn kan ni Àwẹ̀ró rí dì mú, òun ló fi wọ́ ara rẹ̀ jáde. Ìgbà tó délé, ẹrẹ̀ ti bo òun àti ìyá rẹ̀ dé àyà. Ó wẹ ìyá, ó fi òrí pa á lára, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ìyá ń wú ikọ́ hùú, hùú. Kò bèèrè adágún mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àìbèèrè rẹ̀ yìí sì dun Àwẹ̀ró ju kó bèèrè lọ.

Ó di ọjọ́ kẹta. Àwẹ̀ró ronú títí, ó rántí pé àwọn ọdẹ kì í gba ìko. Ó wọ yàrá, ó já gbérí, ẹ̀wù ọdẹ baba rẹ̀, wálẹ̀ láti orí àjà. Gbérí náà ti gan, òórùn ẹ̀jẹ̀ ẹran àti ẹ̀tù ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó dé fìlà bo orí, ó gbé ọrun kọ́ apá. Ó gbé ìyá rẹ̀ sínú agbọ̀n ńlá, ó fi ewé gbòógì bò ó.

"Agbọ̀n kẹ̀, Àwẹ̀ró?"

"Kí oòrùn má baà pa yín ni, Ìyá."

"Òórùn baba rẹ ni mò ń gbọ́ yìí."

"Òtútù ló mú mi, mo fi aṣọ rẹ̀ bora."

"Òtútù ló mú ọ, oòrùn ló fẹ́ pa mí," ìyá ní. "Ó dáa."

Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n rù, ó fi ohùn ọkùnrin kí Òkété. "O kú ẹnu ọ̀nà o!"

"Ẹ kú igbó o, bàbá ọdẹ. Kí lẹ rù?"

"Ẹbìtì ni. Ẹbìtì lásán."

Àfi bí ìyá ṣe sín nínú agbọ̀n. Hàt-ṣìíì!

Òkété gbé etí rẹ̀ sókè. "Òtútù mú ẹbìtì yín?"

"Èmi ni mo sín."

"Ẹ̀yin lẹ sín, orí yín ni ariwo ti wá?" Òkété rẹ́rìn-ín kúlẹ́kúlẹ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ wọlé. Èmi kì í bá ọdẹ jiyàn. Tí ọdẹ bá ń jáde, itan ẹran ló máa ń jẹ́rìí sí i."

Àwẹ̀ró kọjá. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò ó pé: kí ló dé tó fi jẹ́ kí n kọjá wẹ́rẹ́ báyìí? Kò ní jẹ́ pé ó ti rán ẹnìkan tẹ̀ lé mi?

Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí igi. Ó rí gbérí, ó rí ọrun, ó figbe ta: "Kẹ̀ẹ́ kẹ̀ẹ́ kẹ̀ẹ́! Ọdẹ ń bọ̀!" Ọ̀bọ gbọ́, ó fò, wàà! Etu gbọ́, ó sá wọ inú ìgbẹ́, fìn-ín! Òórùn ẹ̀tù ìbọn sáré ṣáájú Àwẹ̀ró débi adágún. Àwọn ẹ̀gà gbéra lórí ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀kan náà, fìrìrìrì! Wọ́n lọ.

Ìgbà tí Àwẹ̀ró sọ agbọ̀n kalẹ̀ létí omi, kẹ́kẹ́ pa. Àwọn ilé ẹyẹ ń mì lórí ọ̀pẹ, kò sí ẹyẹ nínú wọn.

Ìyá na ọwọ́, ó kan omi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé etí sílẹ̀, ó gbé etí sílẹ̀ títí ẹ̀rín náà fi kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé a ti débẹ̀, Àwẹ̀ró?"

"A ti débẹ̀, Ìyá mi."

"Omi rè é. Òórùn ọ̀pẹ rè é. Àwọn ẹ̀gà dà?"

Àwẹ̀ró gbé ojú wo orí àwọn ọ̀pẹ.

"Ó ti tán," ìyá ní. "Etí mi náà ti lọ. Mò ń gbọ́ tìrẹ nítorí pé ẹnu rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohun tó wà lókè ni mi ò gbọ́ mọ́. Má bínú pé mo yọ ọ́ lẹ́nu, ọmọ mi. Gbé mi lọ sílé." Omijé jáde lójú tí kò ríran.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí wọ Àwẹ̀ró lára ju ẹrẹ̀ lọ. Ó dìde, ó ké sí àwọn ẹyẹ:

*Ẹ̀gà orí ọ̀pẹ, ẹ padà wá o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀
*Èmi kì í ṣọdẹ, mi ò lọ́fà o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀
*Ìyá mi rò pé etí òun ti di o*
Jẹ̀ńjẹ̀, ìko jẹ̀ńjẹ̀

Kò sí ìyẹ́ kan tó mì. Àwẹ̀ró wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Ìyá, etí yín kò di. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni." Ó ka gbogbo rẹ̀ kalẹ̀: ìko, Àparò, ìrà, gbérí.

Ìyá fi ọwọ́ wá gbérí náà, ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, hùùù, nítorí pé etí rẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ rẹ̀ wí.

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹyẹ ń sọ̀rọ̀ níwájú ọdẹ? Ogójì ọdún ni baba rẹ fi ṣọdẹ nínú igbó yìí. Kò gbọ́ ohùn ẹ̀gà létí adágún rí, àfi ọjọ́ tó bọ́ gbérí sílẹ̀ lókèèrè, tó wá bá mi sọ̀rọ̀ níbí. O sá fún àmì agbatẹ́gùn, o wá lọ gbé àmì ẹni tó ń pa ẹyẹ wọ̀."

"Mo fura sí Òkété ni, Ìyá."

"Fífura rẹ kò burú. Kí ni o bi í?"

"Mi ò bi í ní nǹkan kan."

"Ẹnu ni Ọlọ́run dá fún ìbéèrè, o wá ń fi ẹsẹ̀ bèèrè nínú ẹrẹ̀. Gbé mi, kí á lọ bi í."

Wọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà. Òkété na ọwọ́ kan. "Bàbá ọdẹ, itan dà?"

Àwẹ̀ró ṣí fìlà. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ìyá sì yọ orí láàárín ewé gbòógì.

"Ẹbìtì náà nìyí," Òkété ní. "Ẹ kú ìrìn, Ìyá."

"Òkété," Àwẹ̀ró ní, kò rẹ́rìn-ín, "la ẹnu rẹ kí n wò ó."

Òkété la ẹnu, hàà! Ẹ̀kùrọ́ mẹ́ta bọ́ sílẹ̀, kò sí orúkọ ẹnì kankan níbẹ̀. "Oúnjẹ mi ni," ó ní. "Tí mo bá gbé e sílẹ̀, Àparò á gbé e."

"Ta ló ń jẹ itan ẹran tí àwọn ọdẹ ń fi sílẹ̀?"

"Àwọn tó ń kó ewé kúrò lójú omi, tí wọ́n ń ro ọ̀nà. Itan kò tó mọ́, ọ̀nà ń dí. Àwọn ọdẹ wá ń sọ pé ṣé àwọn nìkan ló ni igbó ni. Ẹ̀yin agbatẹ́gùn pọ̀ jù wọ́n lọ, ewé ẹ̀kọ yín ló sì kún ibẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ìgbà tí màá padà ṣe?"

Òkété kò ṣàwàdà mọ́. "Lọ́dún tó kọjá, arábìnrin kan wọlé lọ já òdòdó, ó ṣìnà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó wá a rí, ebi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Mi ò bi yín níbi tí ilé yín wà. Ibi tí màá ti wá yín ni mo fẹ́ mọ̀."

Àwẹ̀ró rántí ìrà, ó rántí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀, àfi Àparò tí kì í wá ẹni. Kò fẹ́ràn Òkété síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Gbé àdá rẹ sílẹ̀ dè mí. Mò ń bọ̀ láàárọ̀."

Ó dé láàárọ̀ lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń fẹ́, ọyẹ́ ti wà lẹ́nu odi. Àwẹ̀ró ro ọ̀nà láti ìdí arère dé ìdí ìrókò, ṣá, ṣá, ṣá. Lábẹ́ ewéko ló ti rí ewé ẹ̀kọ jíjẹrà, àti àpáàdì tó lè la ẹsẹ̀ ọmọdé. Ó kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Ìyá jókòó sábẹ́ igi, ó ń gbọ́ àdá, ó ń kí i, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi." Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Òkété so ìko mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwẹ̀ró yí ìko náà wò níwájú, ó yí i wò lẹ́yìn. Ó fà á wò bóyá ó lè já. Ó lè já.

"Ìyá ńkọ́?"

"Ẹni tí wọ́n pọ̀n kì í ro ọ̀nà," Òkété ní. "Ibo lẹ ń lọ?"

"Etí adágún ni à ń lọ," Àwẹ̀ró dáhùn. "A máa padà kí oòrùn tó wọ̀."

Ibi tí ẹ̀kọ́ ààlọ́ mi wà nìyí, kí n tó sọ ìyókù. Ìfura loògùn àgbà, mi ò ní kí ẹ má fura. Ẹni tó bá ní kí ẹ gba nǹkan, ẹ wò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ń fura sí, ẹ fi ẹnu yín bèèrè rẹ̀. Ẹ má fi irọ́ yí i ká, ẹ má sì gba ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu Àparò tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tí gbogbo wa bá sì jọ ni, gbogbo wa la jọ ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń pa ẹran níbẹ̀ ní ìpín tirẹ̀, ẹni tó ń gbatẹ́gùn níbẹ̀ náà ní tirẹ̀.

Àwẹ̀ró pọn ìyá rẹ̀ gba ojú ọ̀nà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ro. Ọ̀kẹ́rẹ́ rí ìko, kò ké. Ọ̀bọ ń jẹ èso, kò gbójú sókè. Wọn ò tíì rí omi tí ìyá fi di èjìká ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Dúró!" ó ní. "Dúró, Àwẹ̀ró, má mira."

Wọ̀yọ̀wọ̀yọ̀! Wọ̀yọ̀wọ̀yọ̀! Igba lórí ọ̀pẹ kan, igba lórí òmíràn, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan tó ń gbọ́ ti èkejì. Àwẹ̀ró rọra sọ ìyá rẹ̀ kalẹ̀ létí omi, ó jókòó tì í títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni ọyẹ́ dé sí Ìdí-Arère, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti mú ìlérí tó ṣe fún ìyá rẹ̀ ṣẹ.